Ẹnu Nìkan Kọ́ La Fi Ń Ro Ẹ̀fọ́

Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Aláúsá, Ìkẹjà

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wa pé kí àwa tọkọtaya wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ inú ilé, ẹ̀rín la kọ́kọ́ rín. Ìdí ni pé kò sí ẹni nínú ẹgbẹ́ yìí tí kò mọ ìtàn ọ̀kan nínú àwa méjèèjì pẹ̀lú ẹran. Ẹni tí ó máa ń béèrè ní ìpàdé oṣooṣù pé, "Ṣé ẹ kò gbàgbé ṣàkì?" kí wọ́n tó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, òun náà ló dúró síwájú yín lónìí tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ má bínú. Ayé ló ń yí.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn yín balẹ̀. A kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran mọ́. Ẹran wà nínú àwọn kúlà tó wà lẹ́yìn yẹn, àwa náà yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ ni bí ìwé oúnjẹ àwọn tí kì í jẹ ẹran ṣe wọ ilé wa, bí ó ṣe yí ìkòkò wa padà, àti ohun tí a rí níbẹ̀ tí a kò wá lọ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orí fífọ́. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wọ̀n: 170 lórí 105. Dókítà, ọmọdé kan tó lè jẹ́ ọmọ wa, béèrè pé, "Dádì, kí lẹ jẹ lánàá?" Bàbá ka á: búrẹ́dì àti sọ́séèjì láàárọ̀, àmàlà àti ẹran màlúù, pọ̀nmọ́, ṣàkì lọ́sàn-án, súyà ní ìrọ̀lẹ́. Dókítà ní, "Ẹ̀fọ́ dà níbẹ̀, sà?" Bàbá ní ewédú wà lórí àmàlà. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n dín ẹran kù, kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ gba ipò tí ẹran wà nínú àwo. Ó tún ní kí ìyàwó wọn wá, nítorí òun mọ̀ pé kì í ṣe bàbá ló ń dáná.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Láàárín ọdún mẹ́wàá tí a ti ń pàdé, a ti sin àwọn kan nínú wa tí kò yẹ kí á tíì sin. Ẹ mọ̀ wọ́n, a kò ní dárúkọ wọn. A kò sọ pé oúnjẹ ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ti ilé ìwòsàn padà, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró lójú ọ̀nà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn ni a ń rò, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa títí a fi dé ilé.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ó rọrùn láti sọ pé a ó dín ẹran kù. Kí ni a ó wá sè? Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni ìyá ilé ti ń dáná fún ilé yìí, ẹran ni ó sì ń fi bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ gbogbo. Yóò bọ ẹran, yóò fi omi rẹ̀ sọ ọbẹ̀ dídùn, yóò din ín. Bí o bá yọ ẹran kúrò, ibo ni adùn yóò ti wá? Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó kàn yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ ata, kò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ìrẹsì àti ata lásán ló wà lórí tábìlì. Àwọn ọmọ wo àwo, wọ́n wo ojú wa. Èyí àbíkẹ́yìn ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n dá dádì dúró níbi iṣẹ́ ni?" Bàbá jẹun tán, ó ní òun fẹ́ lọ na ẹsẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ náà dé bùkà kan lọ́nà Ògbà. A mọ̀, nítorí pé òórùn súyà kì í parọ́.

Ọmọbìnrin wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbọ́ tó ní òun ń fi ìwé kan ránṣẹ́. Tomi Makanjuola, ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé níbẹ̀, tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà, ló kọ ìwé náà. Orúkọ rẹ̀ ni *Vegan Nigerian Kitchen*. Nígbà tí ó dé, a ń retí pé ewé òyìnbó tí a kò rí rí ni a ó bá níbẹ̀. A jókòó lórí àga, a ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà wá, lẹ́yìn náà ni ojú tì wá. Oúnjẹ wa ló wà níbẹ̀. Oúnjẹ tí ìyá wa ń sè, tí a ti ń fojú oúnjẹ tálákà wò, ni ọmọ wa kan kó jọ ní òkè òkun, tí àwọn ènìyàn sì ń fi owó rà.

Ẹ jẹ́ kí á jọ kà á. Àkàrà: ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, iyọ̀, òróró. Ẹran dà níbẹ̀? Èkuru. Gbẹ̀gìrì. Àdàlú. Mọ́ínmọ́ín, kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin àti ẹja sí i títí tí wọ́n fi ń ka iye ẹ̀mí tó ní. Òjòjò. Ẹ̀bẹ. Ewédú. Dòdò. Bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà. Ẹ̀kọ. Àádùn. Ẹ̀wà agànyìn tí àwọn obìnrin tó wá láti ìhà Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin gbé wọ Èkó, tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Agídíngbì àti Ọba Akran ń fi búrẹ́dì Àgége jẹ kí fèrè iṣẹ́ tó dún. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé ẹrù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ń jẹ ẹ̀wà, ó sì ń dúró. Àwa tí a jókòó sí ọ́fíìsì ní Sẹkitéríàtì ni a ní a kò lè ṣe é láìsí ẹran.

Àkàrà yẹn náà, ẹ má fojú kékeré wò ó. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Bràsíìlì kò gbàgbé rẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní, orúkọ náà sì ní "àkàrà" àti "jẹ" nínú. Ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn ní 2005. Ohun tí àwọn kan fi ṣe àjogúnbá ni a ń fún ọmọ wa jẹ ní ọjọ́ Sátidé nìkan, bí ẹni pé eré ni.

Lẹ́yìn ìwé kìíní, a wá èyí tó kù. Ní 2014, Bryant Terry, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ adúláwọ̀, kọ *Afro-Vegan*, ó so oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ti àwọn erékùṣù Karibéánì àti ti àwọn baba ńlá rẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà pọ̀. Madhur Jaffrey, ọmọ Íńdíà, ti kọ *World Vegetarian* ní 1999, ìwé ńlá tó kó ẹ̀wà, ọkà àti ẹ̀fọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ jọ. Àwọn òyìnbó náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láti 1847 ni ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwé kan tún wà tí ó dùn wá jù lọ. *Kudeti Book of Yoruba Cookery*, tí J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ṣe, jáde ní 1934. Kúdẹtì, ní Ìbàdàn, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti Ìjọ C.M.S. wà nígbà náà, ni ó ti gba orúkọ rẹ̀. Ẹ wo iye ọdún tó ti kọjá. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti mọ̀ pé bí a kò bá kọ oúnjẹ ilé sílẹ̀, ó lè bọ́ sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. A ó padà sí i kí á tó jókòó.

Ní báyìí, kí ni àwọn ìwé wọ̀nyí kọ́ wa? A ó mú mẹ́ta.

Èkíní: ẹran kọ́ ni adùn, ọ̀nà ìsè ni. Gbogbo àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyí ló mọ ohun tí ẹran ń ṣe nínú ìkòkò, wọ́n sì wá ohun mìíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Nílé tiwa, ohun mìíràn náà kò jìnnà. Ìrù ni. A fi èso igi ìgbá se é, a bo ó kí ó kan, kíkan yẹn ló sì ń mú adùn jíjinlẹ̀ tí ẹ mọ̀ yẹn jáde. Lẹ́yìn ìrù, àlùbọ́sà tí a dín títí tó fi pọ́n. Lẹ́yìn àlùbọ́sà, ata tí a sun lórí iná kí á tó lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni olú. A ti gbàgbé olú. Nígbà èwe wa, bí òjò bá rọ̀, ìyá wa ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú olú nínú ewé, ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣá olú tí ẹ kò mọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà o. Olú tó ń pani wà. Èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn, tí wọ́n ń tà nínú ike, ni kí ẹ rà.

Èkejì: ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé sọ yín di ẹrú. Ìwé òyìnbó lè ní kí o wá ẹ̀wà kan tí kò sí ní ọjà Ògbà, tàbí ewé kan tí owó rẹ̀ yóò ra ẹran odindi ọ̀sẹ̀ kan. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A wọ ilé ìtajà ńlá kan, a kó àwọn nǹkan inú agolo, owó tí a san níbi káńtà mú kí a wo ara wa lójú. Láti ọjọ́ náà, bí ìwé bá ní ẹ̀wà Íńdíà, a ó lo olóyin. Bí ó bá ní sípínáàṣì, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbọ̀rọ̀, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti yánrin wà. Bí ó bá ní wàrà àgbọn inú agolo, a ó rin àgbọn, a ó fún un. Ọgbọ́n ni a ń gbà lọ́wọ́ ìwé; ọjà wa ni a ó ná.

Ẹ̀kẹta: ẹ̀wà nílò ọkà, ọkà sì nílò ẹ̀wà. Èròjà tí ń mú ara dàgbà, tí àwọn dókítà ń pè ní purotéènì, wà nínú ẹ̀wà, ṣùgbọ́n apá kan wà tí kò pọ̀ tó níbẹ̀. Apá náà pọ̀ nínú àgbàdo àti ìrẹsì, èyí tó sì kéré nínú àgbàdo ni ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Ẹ wo àwọn ìyá wa: ta ló kọ́ wọn láti se àdàlú? Ta ló ní kí wọ́n fi ẹ̀kọ jẹ àkàrà? Wọn kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti mọ ọ̀nà. Sóyà náà wà níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe lè fi sóyà kún àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti ògì. A gbìyànjú rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ bà wá nínú jẹ́. Tútù la fi lọ̀ ọ́, gbogbo ilé sì ń rùn bí ẹ̀wà tútù. Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí ẹ da á sínú omi tó ti ń hó, kí ó hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ìlàta kan sóyà sí mẹ́ta ẹ̀wà ni ó bá ẹnu wa mu.

Àwọn ìyá tó wà níhìn-ín ti ń wò wá pé, "Ẹ kọ́ wa ní ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ti pọ̀." Ó dáa. Ẹ̀fọ́ rírò olôlú nìyí, ti ènìyàn mẹ́fà. Ẹ wá ẹ̀fọ́ ṣọkọ ìdì mẹ́rin, olú ike méjì, tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo méjì, àlùbọ́sà ńlá méjì, ìrù wooro ṣíbí ìjẹun méjì, ẹ̀gúsí lílọ̀ ìdajì dérìcá, epo pupa ife kékeré kan, àti iyọ̀ ṣíbí kékeré kan péré. Ẹ rẹ́ ẹ̀fọ́, ẹ fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, ẹ fún un dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ fa olú ya, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ dà á sínú agbada gbígbóná láìsí epo, kí ó sun omi ara rẹ̀, kí omi náà gbẹ, kí etí rẹ̀ pọ́n. Ibẹ̀ ni àṣírí wà: bí ẹ bá tètè da epo sí i, yóò rọ̀ bí àpò tó bọ́ sómi. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbé epo kaná, ẹ da àlùbọ́sà kan sí i, kí ó pọ́n, kí ẹ da ìrù sí i, kí ilé gbọ́ òórùn rẹ̀. Ata tí ẹ gún, tí kò kúnná, ló tẹ̀ lé e; ẹ dín in títí epo yóò fi léfòó. Ẹ fi àlùbọ́sà kejì tí ẹ ti lọ̀ po ẹ̀gúsí, ẹ gé e sínú ata ní kéékèèké, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má rò ó. Lẹ́yìn náà olú, iyọ̀, kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bí bàbá ilé bá béèrè pé ẹran wo nìyí, ẹ ní kí ó jẹun tán ná.

Ohun tí ó yẹ kí á kìlọ̀ lé lórí náà wà. Bí ẹ bá yọ ẹran kúrò, tí ẹ wá fi kúùbù ìsebẹ̀ mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, ẹ kò ṣe nǹkan kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru; iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn kò kún ṣíbí kékeré kan, gbogbo èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti kúùbù sì wà nínú ìṣirò náà. Àjọ kan náà ní kí èso àti ẹ̀fọ́ tó gíráàmù 400 lóòjọ́, ó kéré tán. Ìkọ́ ewédú kan lórí àmàlà kò dé ibẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ wọn kan náà ka sọ́séèjì àti irú ẹran tí ilé iṣẹ́ ti fi iyọ̀ tàbí èéfín ṣe mọ́ àwọn ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Bàbá ilé wa ti fi sọ́séèjì sílẹ̀ báyìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ní òun yóò fi gbogbo ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà sílẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè nípa fítámì B12, nítorí kò sí nínú ewéko. Oníṣègùn ni yóò sọ èyí tí ènìyàn yóò máa lò. Irin tí ẹ̀jẹ̀ nílò wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbà á bí ti inú ẹran. Bí a bá jẹ ọsàn tàbí ata tútù mọ́ ọn, ara yóò gbà á dáadáa sí i. Aláboyún, ọmọ kékeré, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ wa yìí yí oúnjẹ wọn padà láìrí dókítà. Ẹni tó ń lo oògùn, kí ó má jù ú nù. Bàbá wa ń lo tirẹ̀ títí dòní. Oògùn àti oúnjẹ ló jọ mú ìfúnpá náà wálẹ̀, a kò ní purọ́ fún yín.

Ní ilé tiwa, ọjọ́ Ọjọ́rú ni a fi bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹran kò ní wọ ìkòkò. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń ṣí ìwé, tí wọ́n ń mú oúnjẹ tí a ó sè, ẹni tó bá mú un ni yóò bá ìyá rẹ̀ dé ilé ìdáná. Ọmọkùnrin wa tí kò mọ bí a ṣe ń bó ẹ̀wà tẹ́lẹ̀ ti ń se mọ́ínmọ́ín báyìí. Ẹ̀rè yẹn nìkan tó fún wa.

Ìdánwò wa tó le jù ni ìgbà tí ìyá bàbá ilé wá kí wa láti Ìjẹ̀bú. Ọjọ́rú ló bọ́ sí, a sì ti gbàgbé. Ìyàwó gbé àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì kalẹ̀, olú wà nínú ata. Màámi ṣí àwo, wọ́n fi ṣíbí wá inú ọbẹ̀ títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé kò sí wàhálà nínú ilé yìí?"

"Kò sí o, Màámi."

"Ṣé ọmọ mi ṣì ń gbówó oṣù?"

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà, ó fi ìwé hàn wọ́n, ó ní inú ìwé yìí ni a ti ń rí oúnjẹ aláìlẹ́ran. Màámi gba ìwé náà, wọ́n ń wo àwòrán inú rẹ̀. Lójijì wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Òyìnbó wá ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń se èkuru? Nígbà tí mo wà ní ọmọge, ọjọ́ ọdún la ń jẹ ẹran. Bàbá mi ní màlúù, a kò sì jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dé Èkó ni ẹ sọ ọ́ di ojoojúmọ́." Wọ́n jẹ àmàlà náà tán. Wọ́n wá fi kún un pé, "Gbẹ̀gìrì yìí kò kúnná tó. Níbo ni ìjábẹ̀ rẹ wà?"

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni àbíkẹ́yìn wa mú ìwé ìkọ̀wé kan, ó jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀. Màámi ń sọ, ó ń kọ. Bí a ṣe ń bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì láìlo ẹ̀rọ. Iye ìgbà tí a ń fi ìjábẹ̀ lù ú. Bí a ṣe ń sè ẹ̀fọ́ yánrin tí kò fi ní korò. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, bí a ṣe ń fi se ọbẹ̀. Màámi kò mọ dérìcá, wọ́n ní "ẹ̀kúnwọ́ kan," "títí tí ó fi tó." A ní láti mú kóńgò wá, kí wọ́n fi ọwọ́ wọn bu ú, kí á wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa, ọmọ náà kọ oúnjẹ mọ́kànlélógún sílẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá tún padà wá, wọn yóò sọ ti ìkọ́kọrẹ́ bí ìyá tiwọn ṣe ń sè é, nítorí ó ní ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í ṣe mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bá wa sin Màámi lọ́dún tó kọjá. Ẹ jó, ẹ náwó, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Wọn kò padà wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Oúnjẹ mọ́kànlélógún wà lọ́wọ́ wa. Ìkọ́kọrẹ́ kò sí níbẹ̀, ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í ṣe mọ́ yẹn sì ti bá wọn lọ. Bí kì í bá ṣe ìwé tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, a kì bá má rí mọ́kànlélógún náà kọ. Nǹkan tí a rí tí a kò wá lọ nìyẹn. A ń wá bí ìfúnpá yóò ṣe wálẹ̀. A bá ìyá wa níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì péré ni a ń bẹ ẹgbẹ́. Èkíní, ní ìpàdé oṣooṣù, kí kúlà kan wà, ẹyọ kan péré, tí kò ní ẹran nínú, kí ilé kọ̀ọ̀kan máa gbà á ṣe ní àṣegbà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó tán. Àwa ni a ó kọ́kọ́ sè é. Èkejì, kí ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láàyè nínú wa mú bírò lọ sí ọ̀dọ̀ wọn kí oṣù yìí tó parí. Ẹ béèrè oúnjẹ mẹ́ta tí wọ́n jẹ nígbà tí ẹran kò sí. Ẹ fi kóńgò wọn ọwọ́ wọn. Ẹ kó o wá fún akọ̀wé, kí á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ fún àwọn ọmọ wa. Bí Mars àti Tooleyo ṣe é ní 1934, àwa náà lè ṣe é.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹgbẹ́ wa pé ọdún mẹ́wàá, a ó pé ogún, a ó pé ọgbọ̀n, a kò ní máa dín kù bí oṣù. Ọwọ́ wa kò ní gbọ̀n níbi tí a bá ti ń jẹun àgbà, eyín wa yóò sì gbádùn ohun tí a bá fi sí i, ìbáà ṣe olú, ìbáà ṣe ṣàkì.